Egungun Tí Omi Hú Jáde: Bí A Ṣe Ń Dá Egungun Ẹranko Àtijọ́ Mọ̀ Ní Etí Odò

Ní ìgbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìfọṣọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìgbà òjò, àwa mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò kékeré kan ní ìsàlẹ̀ Ìlódè pẹ̀lú garawa àti ọṣẹ. Òjò òru ti wó apá kan lára bèbè odò náà. Láti inú ilẹ̀ tí ó wó yìí ni egungun kan ti yọ síta. Ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, eyín sì tò sí i lára bí àgbàdo ṣe ń tò sára ṣùkù. Ọ̀kan nínú wa pariwo pé egungun ènìyàn ni. Èkejì ní irọ́ ni, pé ti iwin ni. A fà á yọ, a ń jù ú sí ara wa, a ń sá, a ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń bà wá.

Bàbá ọdẹ kan tí ń ti oko bọ̀ ni ó dá wa dúró. Ó gba egungun náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi àtàǹpàkò ra eyín rẹ̀, ó sì wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹran tí ń jẹ koríko ni. Párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìyí. Bí kì í bá ṣe ti màlúù, ti ẹfọ̀n ni.” Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí a kò lè dáhùn. “Ibo gan-an ló wà nínú ilẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ? Kí ló wà lókè rẹ̀? Kí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀?” A wo ara wa lójú. “A ò mọ̀, Bàbá.” Ó mi orí, ó dá egungun náà padà fún wa, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àwa náà sọ ọ́ sínú odò.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a dàgbà, tí a sì kà nípa iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn, ni ó tó yé wa pé ìbéèrè Bàbá ọdẹ yẹn gan-an ni ìbéèrè tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Nítorí náà ni a ṣe tọrọ àyè nínú ìwé ìrántí àjọ̀dún yìí, kí a lè ṣàlàyé fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òbí bí egungun ṣe ń dé etí odò, bí a ṣe lè mọ ẹranko tí ó ni ín, àti ohun tí ó yẹ kí ọmọ tí ó bá rí i ṣe. Òjò kò tíì ṣíwọ́ wíwó bèbè odò, àwọn ọmọ kò sì tíì ṣíwọ́ rírí egungun.

Bí egungun ṣe ń dé etí odò

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni egungun ń gbà dé ibẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni iṣẹ́ àwọn alápatà. Omi púpọ̀ ni iṣẹ́ wọn ń fẹ́, nítorí náà etí omi ni wọ́n ti máa ń pa ẹran láti ìgbà pípẹ́. Òun ni a fi ń pe ibi ìpẹran ní odò ẹran títí di òní, ìbáà ṣe pé omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ààtàn. Ìlú tí ó pẹ́ bí Ilé-Ifẹ̀ ti da ìdọ̀tí púpọ̀ nù láti ìran dé ìran, pàápàá sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ tí ó lọ sí odò. Eérú ìdáná, àpáàdì àti egungun tí a jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀ a dì pọ̀ di ilẹ̀ dúdú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, odò a máa yí ipa rẹ̀ padà, a sì máa gé bèbè tí ó bo ààtàn àtijọ́ náà. Ọ̀nà kẹta ni ti ẹranko tí ó kú síbẹ̀ fúnra rẹ̀: èyí tí ó wá mumi tí ó rì sínú ẹrẹ̀, tàbí èyí tí ọdẹ ṣe léṣe tí ó sá lọ kú sí etí omi.

Lẹ́yìn èyí ni omi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Àgbàrá a gbé egungun tí ó fúyẹ́ lọ jìnnà, bí ìhà àti egungun ẹ̀yìn. Èyí tí ó wúwo, bí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, kì í tètè kúrò, bí ó bá sì kúrò, ibi tí odò ti tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ tí omi ti ń rọra lọ ni ó máa ń rọ̀ sí. Nítorí náà, egungun mẹ́wàá tí a rí lójú kan náà nínú omi lè ti ibi mẹ́wàá wá, ọjọ́ orí wọn sì lè yàtọ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n egungun tí ó ṣì há sínú bèbè, tí ilẹ̀ wà lókè rẹ̀ tí ilẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, dà bí ẹlẹ́rìí tí kò tíì kúrò níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá rí àpáàdì tàbí èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a lè mọ ẹni tí wọ́n jọ gbé. Èyí ni Bàbá ọdẹ ń wá, èyí náà ni a sì ti bàjẹ́ kí ó tó dé.

Ó yẹ kí a tún sọ èyí, nítorí àwọn ọmọ wa ń rí àwòrán àwọn ẹranko ràbàtà ayé ìgbàanì lórí fóònù. Kò sí irú egungun bẹ́ẹ̀ nínú àpáta tí Ilé-Ifẹ̀ jókòó lé. Inú ooru gbígbóná ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni àpáta tiwa ti dì, egungun kò sì lè là á já nínú irú iná bẹ́ẹ̀. Inú àpáta tí ẹrẹ̀ àti iyanrìn ìsàlẹ̀ omi dì ni egungun ti ń di òkúta. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, bí òkúta ẹfun Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, níbi tí a ti ń rí ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun. Ó wà ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní Ameki níbẹ̀ ni wọ́n ti rí egungun ẹja àbùùbùtán àtijọ́ kan, tí ọ̀mọ̀wé C. W. Andrews kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1920, tí ó sì fi orúkọ Lugard sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi. Ọjọ́ orí rẹ̀ ju ogójì mílíọ̀nù ọdún lọ. Ohun tí ọmọ lè rí ní etí odò Ìlódè kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Egungun ẹranko tí àwọn baba ńlá wa sìn, tí wọ́n dẹ, tí wọ́n sì jẹ ni. Fún wa, èyí kò kéré.

Ilẹ̀ wa a máa jẹ egungun

Bí ènìyàn ti ń pa ẹran ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tó, kí ló dé tí ilẹ̀ kò kún fún egungun? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí a fi dá egungun. Bí a bá wọn egungun tí ó gbẹ, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ èròjà líle bí òkúta, tí kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì parapọ̀ dá. Ìyókù jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń mú kí egungun lè tẹ̀ díẹ̀ láìṣẹ́. Òjò púpọ̀ àti ewé jíjẹrà máa ń sọ ilẹ̀ igbó kíkún di ilẹ̀ tí ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Kíkan yìí a máa yọ́ èròjà líle inú egungun díẹ̀díẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí a sì jẹ okùn inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni odindi màlúù ṣe lè pòórá nínú ilẹ̀.

Òbí lè fi èyí han ọmọ nínú ilé. Ẹ fi egungun itan adìẹ sínú ìgò, ẹ da omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan lé e, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Egungun náà yóò rọ̀, yóò sì ṣe é tẹ̀ bí ọ̀pá rọ́bà, nítorí òkúta inú rẹ̀ ti yọ́, okùn ni ó kù. Ẹ wá fi òmíràn sínú iná títí yóò fi funfun. Yóò le lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ yóò fọ́, nítorí iná ti jó okùn inú rẹ̀, òkúta ni ó kù.

Láti inú èyí ni a ti rí ìdí tí ohun méjì fi máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ wa ju ìyókù lọ. Èkíní ni eyín. Nǹkan bí ìdá 96 nínú 100 ara èèpo funfun tí ó bo eyín jẹ́ èròjà líle, kò sì sí ohun tí ó le tó o nínú ara ẹ̀dá. Èkejì ni egungun tí ó jóná nínú ààrò, nítorí kíkan ilẹ̀ kì í tètè rí i yọ́. Ẹni tí ó bá ń wá egungun àtijọ́ ní etí odò, kí ó wo ibi tí èédú àti àpáàdì wà, kí ó sì máa fojú wá eyín.

Àpẹẹrẹ ńlá ni Ihò Eléérú nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan. Ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ lára gidigidi. Èédú tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti sin ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọdé mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, tí wọ́n fà á yọ tí wọ́n sì sọ ọ́ nù, èédú ì bá kù síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ì bá mọ ohun tí èédú náà ń jẹ́rìí sí.

Níbi tí egungun kò bá ti sí mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn lè sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Ní ọdún 1969, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Láfogídò ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ó sì rí orí àwọn ẹranko tí wọ́n fi amọ̀ mọ, orí erin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Ẹni tí ó mọ erin ni ó mọ ọ́n.

Eyín ni ìwé ẹ̀rí

Bí egungun bá dé ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà, eyín ni yóò kọ́kọ́ wò, nítorí bí eyín bá ti rí ni oúnjẹ ẹranko ṣe rí. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa tí a kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ní Léfítíkù orí kọkànlá, ohun méjì ni òfin fi ya ẹran sọ́tọ̀: bóyá pátákò rẹ̀ là, àti bóyá ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ohun méjì yìí náà ni egungun ń fi hàn.

Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ, bí màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, ẹtu, ìgalà àti ẹfọ̀n, kì í ní eyín iwájú lókè. Erìgì líle ni ó wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, àyè gbọọrọ kan a máa wà láàrin eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn tí ó fi ń lọ koríko. Lórí eyín ìlọkoríko wọ̀nyí, ìlà gígùn a máa tẹ̀ bí oṣù tuntun. Àyè gbọọrọ àti ìlà bí oṣù yìí ni Bàbá ọdẹ fi àtàǹpàkò wá, tí ó fi dá ọ̀rọ̀ mọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí eyín ọ̀kọ̀ọ̀kan bá tóbi tó àtàǹpàkò àgbàlagbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, màlúù tàbí ẹfọ̀n ni. Bí ó bá kéré tó orí ìka ọmọdé, ewúrẹ́, àgùntàn tàbí ẹtu ni. Láti ya ewúrẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àgùntàn nípa egungun nìkan a máa fún àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ní iṣẹ́ ṣe. Láti ya màlúù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹfọ̀n náà kò rọrùn, a sì gbọ́dọ̀ rántí pé màlúù kúkúrú tí wọ́n ń pè ní mútúrù ti wà ní ilẹ̀ igbó tipẹ́, kí màlúù gíga ti àwọn Fúlàní tó gba ọjà.

Pátákò ẹlẹ́dẹ̀ là, ṣùgbọ́n kì í jẹ àpọ̀jẹ, eyín rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ìlà bí oṣù. Kókó rìbìtì-rìbìtì ni ó wà lórí rẹ̀, nítorí ohun gbogbo ni ó ń jẹ. Eyín ọ̀gán rẹ̀ a tẹ̀ bí ìwọ. Eyín ajá àti ti ẹkùn mú bí abẹ, ẹran ni wọ́n fi ń gé. Ti ọ̀yà kò ṣòro rárá: eyín iwájú rẹ̀ tóbi, ó pọ́n bí ọsàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti òkè sì ní ojú ìlà mẹ́ta tí ó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bí kò bá sí eyín, a ó wo ẹsẹ̀. Lókè pátákò ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ, egungun gígùn kan wà tí ó jẹ́ pé méjì ni ó lẹ̀ mọ́ra di ẹyọ kan. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ a máa hàn bí ìlà, orí ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì pín sí méjì. Ti ẹṣin kò pín, nítorí ọmọ ìka kan ṣoṣo ni ẹṣin fi ń tẹ ilẹ̀. Bí orí egungun gígùn bá ti bọ́ kúrò lára rẹ̀ ní mímọ́, láìṣe pé ó ṣẹ́, ọmọ ẹran ni, egungun rẹ̀ kò tíì dàgbà tán.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wo àmì tí ó wà lára rẹ̀. Ojú ọ̀bẹ a máa tẹ́ẹ́rẹ́, ojú àdá a sì jìn. Eku a máa họ egungun ní ìlà méjìméjì tí ó tò léra. Eyín ajá a máa dá ihò sí i létí. Bí ojú ibi tí wọ́n ti gé e bá tẹ́jú dọ́gba bí pákó tí a fi ayùn là, egungun ayé òde òní ni, ó ti odò ẹran wá. Ẹ má ṣe fi àwọ̀ nìkan ṣèdájọ́. Ẹrẹ̀ dúdú lè sọ egungun tí kò pẹ́ di dúdú láàrin ọdún díẹ̀, kí ènìyàn sì máa pè é ní ti ayé Odùduwà.

Nípa ọjọ́ orí, ọ̀nà tí a mọ̀ jùlọ ni èyí tí Willard Libby gbé jáde ní ọdún 1949, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá fún ní ọdún 1960. Irú kábọ́ọ̀nù kan wà nínú ara ohun gbogbo tí ó ń mí tàbí tí ó ń hù. Láti ọjọ́ tí ó bá ti kú, kábọ́ọ̀nù yìí a máa dín kù, ìdajì rẹ̀ a sì lọ láàrin 5,730 ọdún. Okùn inú egungun ni wọ́n sábà máa ń lò fún un, bẹ́ẹ̀ ni okùn yìí ni ilẹ̀ wa máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ìdí nìyí tí èédú ẹ̀gbẹ́ egungun fi ṣe pàtàkì, ìdí nìyí náà tí a kò fi gbọ́dọ̀ fa egungun yọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀mọ̀wé ṣìnà, tí ẹrú sì mọ̀ ọ́n

Ní ọdún 1705, ní Claverack ní etí odò Hudson ní Amẹ́ríkà, eyín ńlá kan já bọ́ láti ara bèbè odò. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí London. Cotton Mather, àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé ńlá ní Boston, kọ lẹ́tà ní ọdún 1712 sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, ó sì sọ pé eyín àti egungun ibẹ̀ jẹ́ ti àwọn òmìrán tí Jẹ́nẹ́sísì orí kẹfà sọ̀rọ̀ wọn. Kì í ṣe pé Mather kò gbọ́n. Kò rí ẹranko tí ó ní irú eyín bẹ́ẹ̀ rí ni. Inú Ìwé Mímọ́ ni ó sì wá ohun tí ó yẹ kí ó wá ní ẹnu ẹranko. Àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà gbọ́dọ̀ fi èyí kọ́gbọ́n: ìfẹ́ Bíbélì kò ní kí a má wo eyín.

Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn eyín Claverack, ní Stono ní Carolina, àwọn ẹrú ń walẹ̀ ní àbàtà, wọ́n sì hú irú eyín ńláńlá bẹ́ẹ̀ jáde. Mark Catesby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń kọ̀wé nípa ẹranko àti ewéko, wà ní ilẹ̀ náà ní àkókò yẹn. Ó ṣàkọsílẹ̀ pé gbogbo àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n rí eyín náà fohùn ṣọ̀kan pé eyín erin ni. Catesby gbà wọ́n gbọ́, nítorí òun náà ti rí eyín erin tí wọ́n mú ti Áfíríkà wá. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ: ẹbí erin tí ó ti parun ní ilẹ̀ náà ni. Ní ọdún 1796 ni Georges Cuvier ní Paris tó dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé láti fi hàn pé irú erin kan ti wà tí kò sí mọ́ láyé.

Kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ àwọn ẹrú náà sílẹ̀. A kò lè sọ pé ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí Bàbá ọdẹ ṣe ní etí odò Ìlódè. Wọ́n ti rí erin rí, nítorí náà nígbà tí wọ́n rí eyín erin, wọ́n sọ pé àwọn rí erin. Egungun tí a mọ̀ ni a fi ń mọ egungun tí a kò mọ̀. Kò sí ìwé tàbí ẹ̀rọ tí ó lè rọ́pò èyí. Àwọn awalẹ̀pìtàn pàápàá, àpótí egungun ẹranko tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ láti fi ṣe àfiwé.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá nìyí. Ẹfọ̀n kò sí ní oko wa mọ́. Erin díẹ̀ ni ó kù ní ilẹ̀ Yorùbá, nínú igbó Ọmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ọdẹ tí wọ́n mọ agbárí ìgalà yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ ní ojú kan ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ. Bí ọmọ wa bá rí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní etí odò lọ́la, ta ni yóò dá a dúró ní ojú ọ̀nà?

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Àìmọ̀ egungun lè ba orúkọ ènìyàn jẹ́, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ní àwọn ìlú wa, bí egungun bá yọ ní etí omi, ariwo àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ti pa ènìyàn. Kí àwọn ọlọ́pàá tó dé, àwọn ènìyàn a ti nàka sí ẹnì kan: ìyá arúgbó tí ó dá gbé, àlejò tí kò ní ẹbí nítòsí, tàbí oníṣègùn. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ lè di egungun ọmọdé lẹ́nu èrò, nítorí eyín ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ jọ ti ènìyàn lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí egungun bá jọ ti ènìyàn, tàbí bí iyèméjì bá wà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí a sọ fún olùkọ́ tàbí òbí, kí wọ́n sì pe ọlọ́pàá. Kí a má pariwo, kí a má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá hàn gbangba pé ti ẹranko ni, tí ó sì wà nínú omi, ọmọ lè mú un. Kí ó kọ ibi tí ó ti rí i àti ọjọ́ tí ó rí i. Omi lásán ni kí ó fi ṣàn án, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kò gbọ́dọ̀ lo ọṣẹ. Abẹ́ òjìji ni kí ó sá a sí, nítorí oòrùn a máa mú egungun là. Inú àpò ìwé ni kí ó fi í sí, nítorí ọ̀rinrin inú ọ̀rá a máa mú un hu olú. Pẹ́ńsù ni kí ó fi kọ̀wé sí àpò náà, nítorí yíǹkì a máa ṣí.

Bí ó bá ṣì há sínú bèbè, kí ó má fà á. Kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó fi rúlà tàbí owó ẹyọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bí ó ti tóbi tó, kí ó sì wọn bí ó ti jìn tó láti òkè ilẹ̀. Bí àpáàdì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ère bá wà níbẹ̀, òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ọdún 1979 ní kí a fi tó ìjọba létí, Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́bàá ààfin kò sì jìnnà sí Ìlódè. A ti rí èrè irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí nílùú yìí. Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ kan ère idẹ ní Ìta Yemòó. Ìròyìn dé etí àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́, Frank Willett sì wa ilẹ̀ ibẹ̀ fínnífínní. Nítorí èyí ni a fi mọ̀ nípa Ìta Yemòó ju bí a ti mọ̀ nípa ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti hú ère jáde láìbéèrè. Fún egungun ẹranko, Obafemi Awolowo University ní ilé ohun àdáyébá tirẹ̀ nínú ìlú wa níbí, University of Ibadan sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ awalẹ̀pìtàn.

Ìmọ̀ràn wa fún àjọ̀dún yìí kò náni ní owó púpọ̀. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan kọ́bọ́ọ̀dù kan sí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a sì kó egungun tí a mọ̀ sínú rẹ̀: párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ewúrẹ́ láti ọwọ́ alápatà, agbárí ọ̀yà láti ọ̀dọ̀ ìyá tí ń ta ẹran ìgbẹ́, ẹsẹ̀ màlúù, eyín ẹlẹ́dẹ̀, ìkarahun ahun. Kí orúkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá àti ní èdè sáyẹ́ǹsì. Kí a pe àwọn bàbá ọdẹ àti àwọn alápatà wá ní ọjọ́ kan láàrin ọdún, kí wọ́n jókòó ti olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, kí àwọn ọmọ béèrè, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n àgbà nínú ọ̀ràn yìí kò sí nínú ìwé kankan, kò sì ní dúró dè wá.

Àwa kò mọ̀ títí di òní bóyá ti màlúù ni egungun tí a rí ní ọjọ́ Sátidé yẹn, tàbí ti ẹfọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ti ẹfọ̀n, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀rí pé igbó ti fẹ̀ dé Ìlódè nígbà kan rí. A ní ẹ̀rí náà lọ́wọ́, a sì sọ ọ́ sínú omi. Bàbá ọdẹ ti sùn. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ wa pàdánù irú rẹ̀ nígbà tí a lè kọ́ wọn.